Iyèméjì tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa tó kọ̀wé láti Ọ̀yọ́ ní kí a máa túmọ̀ “beyond reasonable doubt”, ìyẹn bí ẹ̀rí ṣe gbọ́dọ̀ dájú tó kí wọ́n tó dá ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn lẹ́bi, sí “láìsí tàbí-ṣùgbọ́n”, pé bẹ́ẹ̀ làwọn oníròyìn ń kà á lórí rédíò, ó sì ti mọ́ wa létí. Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ sí i. Ọdún 19 ni mo fi ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Inú ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń dàrú mọ́ wa lọ́wọ́ jù.

Mo bi oníwèé ìròyìn tó wà ní Sábó léèrè pé kí ló gbọ́ nínú “láìsí tàbí-ṣùgbọ́n”. Ó ní, “Bàbá, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jiyàn mọ́ ni.” Ẹ ò rí nǹkan! Ta ló lè rí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ mú wá lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín èèyàn méjì nínú yàrá tí wọ́n tilẹ̀kùn ẹ̀? Abala 135 nínú òfin ẹ̀rí ti 2011 kò béèrè tó bẹ́ẹ̀. Adájọ́ Oputa ti ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà sì ti là á mọ́lẹ̀ ní 1987, nínú ẹjọ́ Bakare àti ìjọba, pé ọmọ èèyàn ò lè ní àrídájú pátápátá nínú ohunkóhun tó bá ń ṣe, títí kan ìdájọ́ ọ̀daràn.

Àbúrò wa kan mú “iyèméjì abọ́gbọ́nmu” wá fún “reasonable doubt”. Ó sún mọ́ ọn. Àmọ́ lọ́yà tó bá mẹnu ú lò, kí ni kò lè mú bọ́gbọ́n mu? Èmi fara mọ́ “iyèméjì tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀”. A kúkú ti ń sọ pé ẹ̀sùn kan kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ilẹ̀ tí iyèméjì máa fẹsẹ̀ lé ni ẹ̀rí tí wọ́n jẹ́ níwájú adájọ́, tàbí èyí tó yẹ kí wọ́n mú wá tí wọn ò mú wá.

“Iyèméjì” pàápàá lè tan èèyàn: iyè, méjì, bí ẹni pé ẹ gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan nínú obìnrin yìí àti ọkùnrin yẹn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Kánádà ní kò rí bẹ́ẹ̀ ní 1991, nínú ẹjọ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní W.(D.). Adájọ́ Cory ní kí wọ́n sọ fún àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti dá ẹjọ́ pé: bí ẹ bá gba olùjẹ́jọ́ gbọ́, ẹ dá a sílẹ̀. Bí ẹ ò gbà á gbọ́ àmọ́ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì ń kọ yín lóminú, ẹ dá a sílẹ̀. Bí kò bá tiẹ̀ kọ yín lóminú, ẹ ṣì wò ó bóyá ẹ̀rí tí ẹ gbà tó láti dá a lẹ́bi. “Mi ò gbà ọ́ gbọ́” kì í ṣe “o jẹ̀bi”.

Ti ẹlẹ́rìí ńkọ́? “Ìṣeégbàgbọ́” la ń kó gbogbo rẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ ohun méjì ló wà níbẹ̀. Olóòótọ́ náà lè ṣì í: ilẹ̀ ṣú, ẹ̀rù bà á, ó pe Ìṣẹ́gun ní Ọjọ́rú. Kí ti ẹni náà máa jẹ́ “ìṣòótọ́”, kí ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa jẹ́ “ìfẹsẹ̀múlẹ̀”.

Mo gbọ̀fọ̀ fún obìnrin kan rí. Ní àgọ́ ọlọ́pàá ó ní “ó bá mi sùn”; wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ bí ẹni pé wọ́n jọ gbà á ni. Ní kóòtù ó ní “ó kì mí mọ́lẹ̀”. Lọ́yà fò dìde: ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yí padà! Kò yí. Àdàpè ni “bá mi sùn”, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń sọ ọ́ níwájú àgbà. Kò sunkún, ó kàn ń fìka ká etí ìborùn rẹ̀ ṣáá. Ẹni tó jókòó lẹ́yìn mi ní irọ́ ló ń pa, nítorí kò sunkún. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, àmọ́ ojú náà máa ń tan ni. Àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn ò tiẹ̀ rójú kankan, ìwé ló dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìyẹn ni wọn kì í fi í tètè da ohun tí adájọ́ àkọ́kọ́ rí nù, àfi bó bá lòdì sí ẹ̀rí.

Èmi máa ń sọ àdàpè bó ṣe jáde lẹ́nu, kí n wá sọ fún adájọ́ pé ó ní ìtumọ̀ méjì. Wọ́n ti bú mi rí nítorí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, báwo lẹ máa gbọ̀fọ̀ rẹ̀?