Máníjà ní kí n wá jókòó sídìí ẹ̀rọ tó ń mọ irọ́ láàárọ̀ Mọ́ńdè, ṣé ó bófin mu?

ÌyáBólú_MD:
Ẹ kú ilé o. Maryland ní Amẹ́ríkà níbí ni mo wà, èmi ni mò ń gbowó lọ́wọ́ oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù àga àti bẹ́ẹ̀dì kan, ó ti pé ọdún mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, 1,840 dọ́là dàwátì nínú séèfù. Àwa mẹ́fà la mọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i. Lánàá, Fúráìdè, mo ti gbé báàgì kọ́ apá, mò ń lọ sílé, ni máníjà bá ní gbogbo wa pátá la máa ṣe polygraph, ìyẹn ìdánwò ẹ̀rọ tó ń mọ irọ́, láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹni tí kò bá yọjú, òun ti mọ ohun tóun máa rò nípa ẹ̀. Ẹnu ló fi sọ ọ́ o, kò fún wa níwèé kankan.

N ò mú kọ́bọ̀. Ọkọ mi ní tọ́wọ́ mi bá mọ́, kí ló wá ń já mi láyà? Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni mò ń lò. Tí mọ́tò ọlọ́pàá bá kàn wà lẹ́yìn mi lójú títì, àyà mi á ti máa lù kìkì, bẹ́ẹ̀ mi ò sáré. Tí ẹ̀rọ yẹn bá ní mo purọ́ ńkọ́? Tí mo bá sì kọ̀, ṣé wọn ò ní lé mi?

BàbáHouston:
Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Òfin kan wà tí Ààrẹ Reagan buwọ́ lù ní 1988, Employee Polygraph Protection Act lorúkọ ẹ̀. Iléeṣẹ́ aládàáni ò gbọdọ̀ fipá mú òṣìṣẹ́ ṣe é, kódà wọn ò gbọdọ̀ dá a lábàá. Àyè kan tó ṣí sílẹ̀ fún irú ọ̀gá rẹ ni tó bá ń wádìí owó tàbí ẹrù tó sọnù. Ìyẹn náà, ó gbọ́dọ̀ fún ẹ níwèé tí wọ́n fọwọ́ sí: ohun tó sọnù, bí ọwọ́ rẹ ṣe lè dé ibẹ̀, àti ìdí tó fi ń fura sí ìwọ gan-an. "Gbogbo wa pátá" kì í ṣe ìdí. Pé o mọ nọ́ńbà séèfù nìkan ò tó. Ìwé ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ tó ẹ lọ́wọ́ ní wákàtí 48 ṣáájú, ó kéré tán, wọn kì í ka Sátidé àti Sọ́ńdè mọ́ ọn. Fúráìdè sí Mọ́ńdè wo wá nìyẹn? Wọn ò sì lè lé ẹ torí pé o kọ̀ nìkan.

Mo ti jókòó sórí àga yẹn rí, nígbà tí mo fẹ́ wọṣẹ́ ọkọ̀ tó ń kó owó báǹkì (òfin yọ irú wa sílẹ̀). Wọ́n fi rọ́bà méjì yí mi láyà àti níkùn, wọ́n so irin pẹlẹbẹ mọ́ ìka mi, wọ́n wá fi aṣọ tí dókítà fi ń wọn ìfúnpá dì mí lápá. Èémí, òógùn, ẹ̀jẹ̀, ohun tó ń wọ̀n ò jùyẹn lọ. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jalè rí. Mo ní rárá, ẹran inú ìkòkò ìyá mi bá sọ sí mi lọ́kàn, ni abẹ́rẹ́ tó ń kọ̀wé bá fò sókè!

Adékẹ́mi_ATL:
Ẹ má jẹ́ kí gbogbo ayé rò pé òfin yẹn bo àwọn o. Kò kan òṣìṣẹ́ ìjọba rárá. Àwa tá à ń ṣiṣẹ́ nídìí oògùn tí ìjọba ń ṣọ́, tiwa náà yàtọ̀.

Ìbàdàn2Baltimore:
Ìyá Bólú, ẹ lọ wo fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ fi wáṣẹ́ níbẹ̀. Maryland ní òfin tirẹ̀ tó ní ọ̀gá ò gbọdọ̀ fi dandan lé e, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ sórí fọ́ọ̀mù ìwáṣẹ́, pẹ̀lú àyè tẹ́ ẹ máa buwọ́ lù. Owó ìtanràn ibẹ̀ ò ju 100 dọ́là lọ, ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ti ìjọba àpapọ̀ ló ń dunni, ó lè ju 20,000 lọ. Èyí tó bá le jù nínú méjèèjì ni ọ̀gá yín máa tẹ̀ lé. Ẹ má bá a pariwo. Ẹ kọ ọ́ sí ímeèlì pé ẹ fẹ́ rí ìwé, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀dà. Tó bá fẹ́ dogun, Wage and Hour Division ní Department of Labor, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, lẹ máa pè.

ÌyáBólú_MD:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti fi ímeèlì ránṣẹ́, kò tíì fèsì. Mo tú àpò ìwé mi, mo sì rí fọ́ọ̀mù yẹn. Òótọ́ ni, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ọ́, ìbuwọ́lùwé tèmi ló wà lábẹ́ ẹ̀, tòun ti déètì. Èmi tí mi ò kà á! Ọkọ mi ló wà lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí, ó ti ń kà á lẹ́ẹ̀kejì, kò tíì sọ nǹkan kan.