Ìwé Tahiti kan, ìyá 5, ọmọbìnrin 5: báwo la ṣe máa kà á yí ká?

Ìyá Àdùkẹ́, Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ ìwé. Ìyá 5 àti ọmọbìnrin wọn 5 ni ẹgbẹ́ wa, àwọn ọmọ náà wà ní LAUTECH. Frangipani, ìwé ìtàn àròsọ tí Célestine Hitiura Vaite kọ nípa Tahiti, erékùṣù kan ní Òkun Pàsífíìkì, la fẹ́ kà. Ẹ̀dà kan ló wà nílẹ̀. Báwo la ṣe máa pín in tí kò fi ní há sọ́wọ́ ẹnì kan? Méjì nínú àwọn ìyá ò ka Gẹ̀ẹ́sì. Kí ló sì yẹ kí wọ́n mọ̀ nípa Tahiti ṣáájú?

Olùtọ́jú Ìwé, Ọ̀yọ́
Ẹ kú ètò, mà. Ẹ wá ẹ̀dà kejì, àlòkù náà tó: ọ̀kan fún ìyá, ọ̀kan fún ọmọ. Ọjọ́ 8 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ 40 làwọn ọmọ máa lò. Àwọn ìyá 3 tó ń kàwé á parí ní ọjọ́ 24, ọjọ́ 16 tó kù á wà fún àwọn méjì yòókù. Kí ẹni tó ti kà á sọ ìtàn náà fún wọn ní Yorùbá, orí kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má máa túmọ̀ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan o, ẹ̀fẹ̀ inú rẹ̀ á kú.

Ibi tó ti máa ń dàrú ni kí lágbájá gbé ìwé fún tàmẹ̀dò ní tààrà. Láìpẹ́ ẹnikẹ́ni ò ní mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó wà mọ́. Ẹ yan ẹnì kan tí ìwé á máa padà sí lọ́dọ̀, kí ó máa kọ ọjọ́ sílẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí wọ́n fi fàlà, kì í ṣe báírò. Kí wọ́n má sì ṣẹ́ ìwé náà sẹ́yìn: gọ́ọ̀mù tó di ẹ̀yìn rẹ̀ mú máa ń gbẹ lásìkò ọyẹ́, ojú ìwé àárín ló sì máa ń kọ́kọ́ já bọ́. Fọ́tòkọ́pì odindi ìwé ńkọ́? Òfin ò gbà á, ẹ̀rọ náà á tún ya ẹ̀yìn ìwé.

Tíṣà Lítíréṣọ̀
Frangipani ni ìwé kejì nínú mẹ́ta, 2004 ló jáde. Breadfruit ló ṣáájú, Tiare ló tẹ̀ lé e, àmọ́ ẹ lè dá a kà. Materena ni ìyá, iṣẹ́ ìmọ́tótó ilé ló ń ṣe, Leilani lọmọ. Fa'a'a ni wọ́n ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Papeete tó jẹ́ olú ìlú; Fa'a'a ni pápákọ̀ òfuurufú wà. Níbi àmì kékeré (') inú orúkọ Fa'a'a, ẹ dá ohùn dúró díẹ̀.

Faransé gba Tahiti pátápátá ní 1880, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da èdè Faransé àti èdè Tahiti pọ̀. Bí ẹ bá rí "fiu", nǹkan ti sú onítọ̀hún ni. Òdòdó létí òsì, ó lẹ́nì kan; létí ọ̀tún, kò tíì lẹ́nì kan. Wọ́n máa ń sin ibi ọmọ sílẹ̀, wọ́n á gbin igi sí i (èyí ò gba àlàyé lọ́dọ̀ àwọn ìyá wa).

Ohun tó máa ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà ni fa'a'amu, ìyẹn fífi ọmọ fún mọ̀lẹ́bí tọ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ kọ́ o! Àwọn ẹbí lè ti fẹnu kò kí wọ́n tó bí ọmọ náà, ọmọ á sì mọ ìyá tó bí i àti ìyá tó tọ́ ọ. Ẹ sọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìwé.

Yèyé Akẹ̀sán
Gbogbo yín gbàgbé ìjókòó tí ẹ máa fi jíròrò ìwé náà. Ọmọ wo ló máa sọ níṣojú ìyá rẹ̀ pé ìyá inú ìwé ń tojú bọ ọ̀rọ̀ jù? "Bẹ́ẹ̀ ni, mà" lẹ máa gbọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ fi ọmọ kọ̀ọ̀kan ti ìyá ẹlòmíràn, kí àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kí gbogbo yín tó kóra jọ. Lẹ́yìn náà, kí àwọn ìyá gbẹnu sọ fún Leilani, kí àwọn ọmọ gbèjà Materena.

Tíṣà Lítíréṣọ̀
Yèyé, 20 kéré. Ìkíni àti "báwo ni bàbá yín" nìkan á gba 10 nínú rẹ̀. Ẹ fún wọn ní 40. Kí oúnjẹ má sì jáde kí ìyẹn tó parí: bí abọ́ bá ti yọ, wọ́n á ní kí àwọn ọmọ wá gbé e kiri.