Báwo la ṣe lè mú kí ọwọ́ ajubọ́ọ̀lù softball yá sí i?

KóòṣìÒde: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin eléré ìdárayá. Ọmọbìnrin ọdún 15 ló ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ softball wa níbí n'Ìjẹ̀bú-Òde (softball ni eré tí ajubọ́ọ̀lù ti ń fi apá láti ìsàlẹ̀ ju bọ́ọ̀lù, tí alátakò á sì fi igi gbá a). Ibi tó bá fojú sùn ni bọ́ọ̀lù ń bà, àmọ́ kò yá, àwọn alátakò sì ń gbá a bó ṣe wù wọ́n. Puṣ-ọ́ọ̀pù là ń ṣe jù. A ò ní jíìmù, a ò ní ẹ̀rọ tó ń wọn eré bọ́ọ̀lù. Kí ni ká ṣe?

ÌyáEléré_Ṣàgámù: Kóòṣì, ẹ fi puṣ-ọ́ọ̀pù sílẹ̀ ná. Ẹsẹ̀ tó fi ti ilẹ̀ ni agbára ti ń wá, á gba ìbàdí, á dé èjìká, kó tó já sí ọrùn ọwọ́. Bó bá há síbì kan lójú ọ̀nà, apá nìkan ni yóò máa ṣe gbogbo iṣẹ́, èjìká ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Ẹ fi ẹfun fa ìlà láti ibi tó dúró sí lọ tààrà sọ́dọ̀ ẹni tó ń hán bọ́ọ̀lù, kí ẹ sì fi fóònù ká a láti ẹ̀yìn. Orí ìlà yẹn ni kí ẹsẹ̀ iwájú balẹ̀ sí, kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi dígírì 45. Bó bá ré ìlà kọjá, ìbàdí ò ní ráyè, apá á wá máa gba ẹ̀gbẹ́ yípo. Ẹ tún ká a láti ẹ̀gbẹ́: ṣé ó ń tẹ̀ síwájú nígbà tí bọ́ọ̀lù ń kúrò lọ́wọ́? Ibẹ̀ gan-an ni eré bọ́ọ̀lù ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń dín kù. Kí ara nà, kí ẹsẹ̀ iwájú le, kí orúnkún rẹ̀ má wọlẹ̀. Ìka ni kó fi di bọ́ọ̀lù, kì í ṣe àtẹ́lẹwọ́. Apá tó bá le gbagidi kò lè fì bíi pàṣán.

Ìdánrawò wá ńkọ́? Kó dúró ní mítà 5 síwájú àwọ̀n, kó fi ọrùn ọwọ́ nìkan jù ú, ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lẹ́yìn náà, kó yẹ̀gbẹ́ sí àwọ̀n, kó na apá sókè, kó jù ú láti ibẹ̀ wá sísàlẹ̀, kí apá ìsàlẹ̀ ìgúnpá kan ìbàdí kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́. Kó wá rin ìṣísẹ̀ méjì wọlé, kó fi gbogbo agbára jù ú lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kó máa sinmi bíi ìṣẹ́jú kan láàárín. Bọ́ọ̀lù á máa ṣáko lọ níbẹ̀rẹ̀. Ẹ má bá a wí! Ọmọ tó bá ń bẹ̀rù àṣìtì kì í ju bọ́ọ̀lù tagbáratagbára.

Ọmọ_Ìkẹ́nnẹ́: Gbogbo ohun tí Ìyá sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Ní ti agbára, ẹ ra túùbù ọ̀kadà tó ti gbó lọ́dọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà, ẹ gé e, ẹ so ó mọ́ òpó gólì, kí ó wà ní ìbàdí rẹ̀ kó máa fi ẹsẹ̀ ti ara rẹ̀ síwájú, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lọ́nà mẹ́ta. Ẹ fi fífò gígùn tẹsẹ̀ kan kún un, márùn-ún lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó, kó má sì jẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje.

Ẹ ṣọ́ra fún bọ́ọ̀lù tó wúwo. Bọ́ọ̀lù ìdíje wọn bíi gíráàmù 178 sí 198. Èyí tó bá ti ju 230 lọ, ẹ má fún ọmọdé. Gàrí nìkan ò sì lè gbé irú iṣẹ́ yìí, kó máa jẹ ẹ̀wà àti ẹyin.

KóòṣìÒde: Ẹ ṣeun gan-an. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé eré rẹ̀ ti pọ̀ sí i?

ÌyáEléré_Ṣàgámù: Fóònù tó ń ya fọ́tò 240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó. Ẹ gbé àwọ̀n sí mítà 11 síwájú ibi tí ẹsẹ̀ iwájú ń balẹ̀ sí. Ẹ ka iye fọ́tò láti ìgbà tí bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ títí tó fi ba àwọ̀n, kí ẹ fi iye yẹn pín 9504. Bó bá jẹ́ fọ́tò 132, kìlómítà 72 ní wákàtí kan ni. Ibì kan náà ni kí ẹ máa gbé fóònù sí. Bó bá sì ní iwájú èjìká ń dun òun, kó dá jíjù dúró lọ́jọ́ náà, kí ẹ mú un lọ rí dókítà bí ìrora náà kò bá lọ.