Ẹ̀yin ọ̀gá, báwo lẹ ṣe ń fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì katakata kékeré tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe tápẹ́ẹ̀tì (ìyẹn àlàfo fáàfù)?

Àgbẹ̀ Tuntun:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọ̀gá mi. Katakata kékeré ni mò ń lò, ẹ́ńjìnnì dísù onísìlíńdà mẹ́ta, ó ti ṣiṣẹ́ dé iye wákàtí tí ìwé ẹ̀ ní kí n yẹ àlàfo fáàfù wò. Mo ti ṣí ìdérí orí ẹ̀, mò ń rí àwọn rọ́kà tó ń tẹ fáàfù, fíílà gééjì tí wọ́n fi ń wọn àlàfo wà lọ́wọ́ mi, ibi tó wá há sí ni bí mo ṣe máa yí ẹ́ńjìnnì yẹn díẹ̀díẹ̀ kí písítìnnì àkọ́kọ́ lè dókè. Mo di fáńbẹ́ẹ̀tì mú mo fà á, bẹ́ẹ̀tì kàn ń yọ̀ lórí púlì ni, ẹ́ńjìnnì ò mira. Ṣé kí n máa ta kọ́kọ́rọ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ ni àbí ọ̀nà míì wà?

Ọmọ Gáréèjì:
Kọ́kọ́rọ́ kọ́ o! Sítátà ò mọ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ tó yọwọ́ ó ti kọjá ibi tẹ́ ẹ fẹ́. Ẹ wo iwájú ẹ́ńjìnnì, àárín púlì ìsàlẹ̀ tó ń fa fáńbẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀tù ńlá kan wà níbẹ̀, orí crankshaft, ọ̀pá tí àwọn písítìnnì ń yí, ló wà. Ẹ ki sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, ẹ fi ọ̀pá gígùn sí i, ẹ máa yí i sọ́tùn-ún bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, ìyẹn tẹ́ ẹ bá dúró níwájú tẹ́ ẹ kọjú sí i. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn báyẹn ló ṣe ń yí. Tẹ́ ẹ bá ń fi agbára yí i sósì, bọ́ọ̀tù yẹn fúnra ẹ̀ lè tú, ìyẹn á tún di iṣẹ́ míì. Tí rédíétọ̀ ò bá jẹ́ kí sọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé, sípánà olórí róbótó á ṣe é, ó kàn máa pẹ́ díẹ̀ ni.

Bàbá Oní-dísù:
Òótọ́ lọ̀rọ̀ ọmọ yìí, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ohun tó ń dà yín láàmú. Ẹ́ńjìnnì dísù kékeré báyìí máa ń fún atẹ́gùn mọ́lẹ̀ tó ìlọ́po ogún, òmíì tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn ni bẹ́ẹ̀tì ṣe ń yọ̀. Ẹ tú àwọn glow plug, èyí tó ń mú inú sìlíńdà gbóná kí ẹ́ńjìnnì lè jí, kúrò, gbogbo wọn o, kì í ṣe ẹyọ kan, kí atẹ́gùn lè ríbi gbà jáde. Ẹ kọ́kọ́ fẹ́ ìdọ̀tí tó yí wọn ká dànù kẹ́ ẹ tó tú wọn, torí iyanrìn tó bá já sínú sìlíńdà, ẹ ò ní rí i mọ́. Tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ wọ́n máa ń rọrùn láti tú ju ìgbà tó bá tutù pátápátá, wọn ò sì fẹ́ agbára, wọ́n ń kán. Ínjẹ́kítọ̀ tó ń fọ́n dísù ní tiẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ ẹ máa pààrọ̀ wáṣà ẹ̀, ẹ tún máa lé atẹ́gùn jáde nínú páìpù dísù, kí lẹ fẹ́ fìyẹn ṣe? Àwọn ẹ́ńjìnnì àtijọ́ kan ní ọwọ́ kékeré tẹ́ ẹ máa fà tí fáàfù á ṣí sílẹ̀, tí tiyín bá ní i, ẹ lo ìyẹn.

Ìyá Oko:
Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ wáyà nẹ́gẹ́tíìfù lórí bátìrì. Jíà sí fúrì, PTO tó ń fi agbára ẹ́ńjìnnì yí irinṣẹ́ oko ní pípa, ẹ fi nǹkan dí táyà. Ẹnì kan á ti wá jókòó sórí ẹ̀ á ta kọ́kọ́rọ́ nígbà tí sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣì wà lórí bọ́ọ̀tù, rédíétọ̀ lọ, ọwọ́ náà lọ.

Àgbẹ̀ Tuntun:
Ẹ ṣeun gan-an ni! Glow plug ti jáde, ó ti wá ń yí wẹ́rẹ́, fáńbẹ́ẹ̀tì yẹn gan-an ń yí i báyìí. Mo rí àmì TC (ìyẹn ibi tí písítìnnì ti dókè) lára flywheel, àgbá ńlá tó ń bá crankshaft yí, nínú fèrèsé kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n?

Bàbá Oní-dísù:
Ẹ ní sùúrù ná. Ẹ̀ẹ̀mejì ni písítìnnì yẹn ń dókè kí iṣẹ́ ẹ̀ tó yí po, ẹyọ kan ṣoṣo lẹ sì ń wá. Ẹ di rọ́kà méjèèjì ti sìlíńdà àkọ́kọ́ mú, ẹ mì wọ́n. Tí méjèèjì bá ń mì díẹ̀, ẹ wà níbi tó yẹ. Tí wọ́n bá le, tẹ́ ẹ bá yí púlì síwá sẹ́yìn díẹ̀ tí ọ̀kan ń lọ sílẹ̀ tí èkejì ń gòkè, ẹ yí crankshaft ní odidi kan sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, tẹ́ ẹ bá yí crankshaft ní ìwọ̀n dígíríì 240 ni sìlíńdà tó kàn máa dé ibi tó yẹ, ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé fún èyí tó kàn, torí bí àwọn sìlíńdà ṣe ń jó tẹ̀ léra yàtọ̀, àwọn kan ń jó 1-2-3, àwọn kan 1-3-2. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré ò jìnnà sí 0.2 mm, ti ìwé yín ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Ẹlẹ́rọ Kékeré:
Ẹ má bínú pé mo já sí i, tèmi ti wà nílẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́, mo ki sọ́kẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, ó yí díẹ̀ ó dúró gbọin. Ṣé kí n fi páìpù gígùn sí i?

Bàbá Oní-dísù:
Má fi páìpù sí i o! Ìwọ fọwọ́ gbọ́ ọ ná. Tó bá jẹ́ atẹ́gùn ló ń dí i, ó máa ń tì ẹ́ padà bíi bọ́ọ̀lù tó kún, tó o bá dúró díẹ̀ ó máa rọ̀. Tó bá dúró gbọin bẹ́ẹ̀ yẹn, omi tàbí dísù lè ti kún inú sìlíńdà, omi ò sì ṣeé fún mọ́lẹ̀, ọ̀pá písítìnnì ló máa tẹ̀. Tú glow plug, kó o wo ohun tó máa tú jáde bó o bá ń rọra yí i. Tí kò bá sí omi, ìpẹtà ló so ríńgì mọ́ ara sìlíńdà nìyẹn, da ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i láti ojú ihò glow plug, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kó o wá máa mì í sọ́tùn-ún sósì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Àgbẹ̀ Tuntun:
Èyí tó kù témi náà: tí mo bá ti dá glow plug padà, ṣé màá lé atẹ́gùn jáde nínú dísù?

Ọmọ Gáréèjì:
Rárá, ẹ ò tú páìpù dísù kankan. Ẹ kàn yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò lórí bọ́ọ̀tù kẹ́ ẹ tó dá wáyà bátìrì padà.