Èsì: ilẹ̀kùn ni, ìdérí kọ́, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sórí ọ̀rọ̀ yìí: ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń to bàálù fóòmù tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí ló béèrè pé kí la lè pe pèlébé tó ń bo ihò tí ẹsẹ̀ bàálù ń wọ̀ sí lókè. "Dóò" làwọn ọmọ ń pè é. Ìyá wa kan ní ká pè é ní "ìdérí". Ẹnì kan ní "ilẹ̀kùn ẹsẹ̀". Akéwì àárín wa sì gbé "ìpénpéjú" kalẹ̀, lọ̀rọ̀ bá di ariwo ayọ̀.

N ò bá yín yọ̀. Ìpénpéjú dára nínú ewì. Àmọ́ ẹ wo ọmọ tó ń sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ìpénpéjú apá ọ̀tún ti ya, ẹ bá mi wá gúlù." Ojú ọmọ ni ọ̀gá máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ìdérí sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá fi dé nǹkan, gbígbé là ń gbé e kúrò bí a bá fẹ́ ṣí i: ìdérí ìkòkò, ìdérí ìgò. Tiwa yìí kì í kúrò níbì kan. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan wà lórí hínjì, èkejì ló ń là tó sì ń padé. Ilẹ̀kùn nìyẹn. Ẹni tó bá ní kò sí ilẹ̀kùn láìsí ilé, kó sọ ohun tó ń pe ti mọ́tò àti ti fíríìjì.

Ibi tí èmi àti ẹni tó ní "ilẹ̀kùn ẹsẹ̀" ti pínyà ni ẹsẹ̀ tó so mọ́ ọn. Ilẹ̀kùn ilé, ilé ló nílẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ ò nílẹ̀kùn. Ihò tí ẹsẹ̀ ń wọ̀ ló ni ín. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ihò náà lórúkọ. Èmi á pè é ní àkọ̀. Inú àkọ̀ ni idà ń wà bí kò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, ibẹ̀ náà la ti ń fà á yọ. Àkọ̀ ẹsẹ̀, ilẹ̀kùn àkọ̀. Ẹsẹ̀ tó sì ń wọ inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìṣe rẹ̀ ti wà nílẹ̀ tipẹ́: à ń ká ẹsẹ̀ kò, à ń na ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ àkákò nìyẹn, ó yàtọ̀ sí èyí tó dúró síta gbagidi ní gbogbo ìgbà.

Ibi tó le rèé: ohun méjì la ń fi orúkọ kan pè. Ẹ wo Spitfire, bàálù ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tó kọ́kọ́ fò lóṣù kẹta ọdún 1936. Pèlébé tó wà níbẹ̀ ò ní hínjì tirẹ̀ rárá. Ara ọ̀pá ẹsẹ̀ ni wọ́n dè é mọ́. Bí ẹsẹ̀ bá ká kò, á bá a lọ, á wá tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ abẹ́ apá. Kò tilẹ̀ bo táyà tán. Ilẹ̀kùn wo ló ń bá ẹni tó ń wọlé rìn? Ojúgun ló bò, nítorí náà ìbojúgun ni mo pè é, bí a ṣe ń pe ohun tí a fi bo orí ní ìborí.

P-51 Mustang ti Amẹ́ríkà, tó kọ́kọ́ fò lọ́dún 1940, ní méjèèjì: ìbojúgun lára ọ̀pá ẹsẹ̀, ilẹ̀kùn àkọ̀ lábẹ́ ikùn, tó ń bo táyà. Ilẹ̀kùn yìí á ṣí, ẹsẹ̀ á jáde, ilẹ̀kùn á tún padé kí bàálù tó balẹ̀. Agbára ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ń tì ló gbé e dúró. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú tí agbára náà sì lọ sílẹ̀, ilẹ̀kùn á rọra já wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń rọ̀ dirodiro nínú fọ́tò Mustang tó wà nílẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ rí táyà tí kò ní ilẹ̀kùn lójú, kó gbójú sókè wo Boeing 737 tó ń gbéra ní Ìkẹjà: táyà ẹ̀yìn rẹ̀ á rí roboto, dúdú, lábẹ́ ikùn, bẹ́ẹ̀ ló sì máa wà lóde títí dé Àbújá.

Ọmọ tó ń ṣe Mustang fóòmù, tó ń gbọ́ "ilẹ̀kùn" fún méjèèjì, á ra hínjì fún èyí tí kò nílò hínjì. Gúlù àti skúrù kéékèèké tó fún ìbojúgun. Ilẹ̀kùn àkọ̀ ni iṣẹ́ wà. Fóòmù ò lè di hínjì mú, yíya ló máa ya. Pátákó tín-ín-rín ni kí ẹ lẹ̀ mọ́ etí àkọ̀ kí hínjì tó rí ibi dì mú. Ike pèlébé tí kò nípọn ju mìlímítà kan lọ tó fún ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, servo (ẹ̀rọ oníná kékeré tó ń ti nǹkan tó sì ń fà á) oníwọ̀n gíráàmù 9 á sì gbé e. Ẹ ṣọ́ra fún gúlù o: súpàgúlù lásán máa ń jẹ fóòmù funfun tí wọ́n fi ń ti tẹlifíṣọ̀n nínú páálí bí omi gbígbóná ṣe ń jẹ ṣúgà. (Ẹni tó ní ká pe fóòmù ní "tìmùtìmù": nǹkan ìjókòó nìyẹn. Ẹ fi fóòmù sílẹ̀ ní fóòmù.)

Ó ku ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ ṣí àti ẹni tó máa tẹ̀ lé e. Ẹnì kan pè é ní "adarí ilẹ̀kùn", ṣùgbọ́n ó ń darí ẹsẹ̀ náà. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni títò. Bí ẹsẹ̀ bá jáde kí ilẹ̀kùn tó ṣí, táyà á gbá ilẹ̀kùn látinú. Servo á máa tì, kò ní lè lọ, á máa fa iná bátìrì, á gbóná, ó sì lè jóná. Atòlẹ́sẹẹsẹ ni mo mú wá. Ẹni tó bá ṣì í gbọ́, tó rò pé ẹsẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, kò pàdánù nǹkan kan. Ẹsẹ̀ náà ló kúkú ń tò.

Ẹyọ kan wà tí n ò tíì rí orúkọ fún. Ilẹ̀kùn àkọ̀ kan ò ní servo tirẹ̀: rọ́bà ló ń fà á ṣí, ẹsẹ̀ tó bá ń wọlé ló ń fi wáyà fà á dé. Ti ẹsẹ̀ iwájú Boeing 737 náà, ẹsẹ̀ ló ń fi ọ̀pá fà á, kì í sì í padé níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ bá ṣì wà níta. Hínjì rẹ̀ ní kó jẹ́ ilẹ̀kùn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àmọ́ kò ní nǹkan í fi atòlẹ́sẹẹsẹ ṣe, ó sì yẹ kí ọmọ tó fẹ́ lọ ra ẹ̀rọ lè mọ̀ bẹ́ẹ̀ látinú orúkọ. Ìyá wa, ẹ̀yin tí ẹ gbé ìdérí wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá nǹkan kan síbẹ̀.