Ilẹ̀kùn MG mi kò pa mọ́ lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ irin abẹ́ rẹ̀, ẹ gbà mí o

OníMG_Kent:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ MG yìí, ọkọ̀ àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti sú mi dé góńgó. Oṣù kẹjọ rèé tó ti wà nínú gáréèjì tí mo rẹ́ńtì ní Kent. Owó gáréèjì ń lọ, òjò ń jò sí mi lórí, aládùúgbò ń ké pé gíráńdà mi ò jẹ́ kí òun sinmi lọ́jọ́ Sunday. Ẹni tó tà á fún mi búra pé sill rẹ̀, irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn yẹn, tuntun ni. Irọ́ funfun báláú! Nígbà tí mo fi síkúrúdíráfà gún un, pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ihò ara ọkọ̀ ló ń já bọ́ bí èkuru. Lábẹ́ pọ́tì, mo bá sill kan tí wọ́n fi wẹ́dì jó lé orí òmíràn, èyí tó wà nísàlẹ̀ ti di ìyẹ̀pẹ̀ pupa. Mo gé gbogbo rẹ̀ dànù, mo ra tuntun. Àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ ti tẹ̀ kó tó dé, mo dá a padà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi dúró de èkejì. Mo wá tò ó tán, ilẹ̀kùn kọ̀, kò pa. Òkè rẹ̀ níhà ẹ̀yìn ń ha fẹ́ńdà. Ó dá mi lójú pé pánẹ́lì ọjà wọn ni kò péye. Ta ló mọ ibi tí wọ́n ti ń ta èyí tó péye? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n tà á.

Ọ̀gá_Àjórin:
Ẹ kú wàhálà. MG wo ni? Ọdún wo? Ó lórùlé irin àbí kò ní? Ẹ̀gbẹ́ kan lẹ gé àbí méjèèjì? Kí lẹ fi ti ọkọ̀ nígbà tí ẹ ń gé e? Ẹ ò sọ ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, aládùúgbò nìkan lẹ ròyìn fún wa.

Pírámà_Pupa:
Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé sill tí wọ́n jó lé orí èyí tó ti jẹrà, ètekéte ni, àwọn tó fẹ́ ta ọkọ̀ kíákíá ló ń ṣe é. Omi á wà láàárín méjèèjì, ìpẹtà á máa jẹun lọ níbi tójú ò ti rí i. Tí bọ́dì bá ti rí báyẹn, ẹ gbé gbogbo rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń rì í sínú kẹ́míkà, kí ọ̀dà àti ìpẹtà bọ́ pátápátá.

Ọ̀gá_Àjórin:
Kẹ́míkà kẹ̀? Ibi tí irin méjì ti lẹ̀ pọ̀ ni ásíìdì máa ń sá pamọ́ sí. Tí wọn ò bá fọ̀ ọ́ dáadáa, lẹ́yìn tí ẹ bá kun ún tán ni yóò máa sun jáde, ọ̀dà á sì wú. Bó bá jẹ́ MGB, irú MG kan, bọ́néètì àwọn àkọ́kọ́ pàápàá, aluminium ni, kọ́sítíìkì sódà inú kẹ́míkà á jẹ ẹ́ tán. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu onílé ná.

Pírámà_Pupa:
Mi ò sọ pé kí wọ́n rì bọ́néètì náà mọ́ ọn. Iyanrìn tí ẹ̀yin máa ń fi ẹ̀rọ fẹ́ sí pánẹ́lì kí ọ̀dà lè bọ́ ńkọ́? Ó ń jẹ́ kí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rún.

Ọ̀gá_Àjórin:
Abẹ́ ọkọ̀ àti ibi tó nípọn la ń fẹ́ ẹ sí, kì í ṣe ilẹ̀kùn.

OníMG_Kent:
MGB ni, ti 1972. Bọ́néètì ẹ̀, irin ni, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ta pánẹ́lì tó péye ni mo bèèrè o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n.

Mọ́mì_Gíráńdà:
Ọmọ mi, pánẹ́lì kọ́ ni. Jẹ́ kí n ṣàlàyé kó o tún tó náwó sínú òfo. MGB kò ní ṣáásì tó dá dúró, bọ́dì ni ṣáásì rẹ̀. Ohun tí ò ń pè ní sill yẹn kì í ṣe ẹyọ kan: sill òde wà, pátákó irin kan nàró sáàárín, sill inú wà, irin tí etí rẹ̀ ń gòkè ń sọ̀ bí odi ààfin tún wà nísàlẹ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní castle rail. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jọ ń gbé ọkọ̀ ró. Bó bá jẹ́ GT, MGB tó lórùlé irin, òrùlé á bá wọn gbé díẹ̀. Bí kò bá lórùlé, àwọn àti ihò gíà tó la àárín ilẹ̀ ọkọ̀ kọjá ló kù fún ọkọ̀. Ìwọ ò tíì dáhùn: ó lórùlé àbí kò ní?

OníMG_Kent:
Kò ní, mà. Ìyẹn gan-an ló wù mí tí mo fi rà á.

Mọ́mì_Gíráńdà:
Háà.

Ọ̀gá_Àjórin:
Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ gé lẹ́ẹ̀kan náà, àbí?

OníMG_Kent:
Mo yá gíráńdà tó lágbára fún òpin ọ̀sẹ̀ kan péré, owó ni mo fi yá a. Kí ló dé tí mi ò ní gé méjèèjì? Mo fi axle stand mẹ́rin, irin ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ dúró, gbé e, ó dúró gbọn-in, kò mì. Méjì lábẹ́ irin ìdábùú iwájú, méjì lábẹ́ axle ẹ̀yìn, irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀. Ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀. Mo ti tú ilẹ̀kùn kúrò tẹ́lẹ̀ kí iná tó ń ta má ba gíláàsì rẹ̀ jẹ́. Gbogbo ìgbà ni mo ń wo ìpele, ó tẹ́jú.

Bàbá_Sípánà:
Ìpele wo lẹ wò? Ti ilẹ̀ tí ẹ̀yin fúnra yín dúró lé? Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì onírin 1,798 cc síwájú, ẹ di ẹ̀yìn mú, ẹ wá gé ohun tó so méjèèjì pọ̀. Ọkọ̀ ti rọ̀ láàárín. Bó bá ti rọ̀, òpó tí ilẹ̀kùn so mọ́ àti òpó tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń há sí á súnmọ́ra lókè, wọ́n á jìnnà síra nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òkè ilẹ̀kùn fi ń ha fẹ́ńdà. Ẹ fa ẹ́ńjìnnì náà jáde kíákíá.

Ọ̀gá_Àjórin:
Kí wọ́n má fà á jáde o! Bí ọkọ̀ ṣe máa rù ú lójú ọ̀nà ló yẹ kó rù ú nígbà tí a bá ń jó o. Bí a bá jó o lófìfo, tí a wá dá ẹ́ńjìnnì padà, àlàfo tún lè yí.

Bàbá_Sípánà:
Bí irin ìtìlẹ́yìn tí wọ́n ń há sáàárín àwọn òpó ilẹ̀kùn bá dáa, kò sóhun tó ń yí. Ẹ́ńjìnnì tó wà níbẹ̀ ló fà á wálẹ̀.

Mọ́mì_Gíráńdà:
Ẹ jà lẹ́yìn. Ọmọ mi, ibo ni iṣẹ́ dé? Kí lo ti jó pa, kí lo kàn fi kíláǹpù há?

OníMG_Kent:
Ọ̀tún: castle rail àti sill inú, mo ti jó o tán. Sill òde, ojú àjó mẹ́fà péré ni mo fi tò ó mọ́ ọn. Òsì: kíláǹpù nìkan. Mi ò mọ̀ pé ó nílò irin ìtìlẹ́yìn, fídíò tí mo wò kò sọ ọ́. Èyí tó wà nínú fídíò lórùlé ṣá.

Mọ́mì_Gíráńdà:
Ó ṣeé tún ṣe nígbà náà. Ká ní o ti jó sill òde méjèèjì pa ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Báyìí ni kó o ṣe é. Tú kíláǹpù òsì. Ní ọ̀tún, gé ojú mẹ́fà yẹn, kó o wá lu sill inú kúrò pẹ̀lú dírílì tí wọ́n fi ń tú ojú àjó, mílímítà 8. Má fi gíráńdà gé e, kí etí rẹ̀ lè wúlò padà. Ra irin onígun mẹ́rin, mílímítà 25 × 25, tí ara rẹ̀ nípọn mílímítà 2. Irin oní-síkúrúù, irú èyí tó ń gùn tó sì ń kúrú, ni kó o lò fún òkè, láti òpó iwájú sí òpó ẹ̀yìn, ní ìsàlẹ̀ ibi tí gíláàsì ń wọ̀. Èkejì á dábùú láti òpó kan sí òpó kejì ní ẹ̀yìn àga, kí ọ̀tún àti òsì má baà lọ́. Inú ọkọ̀ ni kí wọ́n wà, kí ilẹ̀kùn lè kọ́ sípò lóde.

Lẹ́yìn náà, pákó nípọn lórí jáàkì, lábẹ́ irin ìdábùú ilẹ̀ ọkọ̀. Má gbé jáàkì sábẹ́ pẹrẹsẹ ilẹ̀ ọkọ̀ o, yóò gún un. Gbé e díẹ̀díẹ̀, máa yí síkúrúù òkè tẹ̀ lé e. Tí àlàfo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bá ti dọ́gba lókè àti nísàlẹ̀, nǹkan bíi mílímítà 4 sí 5, dúró. Ìgbà yẹn ni kó o jó irin méjèèjì pa. Má tú wọn títí sill òde méjèèjì á fi parí.

Ọ̀gá_Àjórin:
Àfikún: ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan, láti inú bọ̀ sóde. Ẹ lu ihò mílímítà 6 sí 8 sí etí pánẹ́lì tuntun, ẹ jó o kún. Wáyà 0.6, gáàsì argon tó ní CO2 ìdá 5 nínú 100. Ojú kan níwájú, ojú kan lẹ́yìn, ẹ fò sí àárín, kó má gbóná jù níbì kan kó má baà lọ́. Ẹ kun ojú tó máa lẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú ọ̀dà síńkì tí wọ́n ń jó láti orí rẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé gáréèjì sílẹ̀, èéfín síńkì kò dáa fún àyà. Kí ẹ tó tan iná rárá, bátìrì méjì oní-fóltì 6 tó wà lẹ́yìn àga, ẹ gbé wọn jáde, ẹ sì tú táǹkì epo kúrò lábẹ́ búùtù. Àpótí tí bátìrì yẹn jókòó sí, mo fẹ́ ta tẹ́tẹ́ pé òun náà ti jò.

Bàbá_Sípánà:
Sill òde máa ń kọjá lábẹ́ fẹ́ńdà iwájú àti ti ẹ̀yìn. Tiwájú, bóòtì ló mú un, ó ṣeé tú. Tẹ̀yìn, ẹ ní láti gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó lè rí ibi tí sill parí sí. Àwọn tí kì í gé e ni wọ́n ń fi pọ́tì dí i. Ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà dí i. Lẹ́yìn kíkùn pátápátá ni kí ẹ fọ́n òróró ìda sínú.

Pírámà_Pupa:
Ẹ tún rọra kó ẹrẹ̀ tó wà lẹ́yìn fẹ́ńdà iwájú, lórí òpó, kúrò. Ibẹ̀ náà ni ìpẹtà sábà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

OníMG_Kent:
Ẹ ṣeun o. Mo ti kọ́ ilẹ̀kùn ọ̀tún padà, mo fi jáàkì gbé e bí Mọ́mì ṣe sọ. Tẹ́lẹ̀ ó jẹ́ mílímítà 1 lókè, 7 nísàlẹ̀. Ní báyìí ó ti di 3 lókè, 5 nísàlẹ̀, kò wá fẹ́ súnmọ́ mọ́. Mo sì ti ń yí síkúrúù náà tìpá tìpá.

Mọ́mì_Gíráńdà:
Dúró. Má yí i mọ́. Ilẹ̀kùn wo lo fi ń wọ̀n ọ́n?

OníMG_Kent:
Èyí tó mọ́ ni. Ara MGB mìíràn ni wọ́n ti tú u, mo rà á lóṣù tó kọjá torí pé tèmi ti sán nísàlẹ̀ gíláàsì kékeré iwájú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ti jẹrà. Ilẹ̀kùn ṣá ni, gbogbo wọn kò dọ́gba ni?

Mọ́mì_Gíráńdà:
Ọmọ mi, o ò sọ ìyẹn láti ọjọ́ yìí! Wọ́n ti lè pààrọ̀ awọ ilẹ̀kùn yẹn, irin òde rẹ̀, rí, kí etí rẹ̀ má dọ́gba mọ́. Tú síkúrúù náà sẹ́yìn ìdajì yíyí kan, kó o lọ kọ́ ilẹ̀kùn jíjẹrà tìrẹ padà pẹ̀lú híínjì àtijọ́ rẹ̀. Ó lè jẹrà nísàlẹ̀, gígùn etí ẹ̀yìn rẹ̀ kò yí. Òun ni kó o fi wọ̀n ọ́n, kó o wá sọ fún wa iye tó jẹ́ lókè àti nísàlẹ̀ kó o tó jó ohunkóhun.