"Ìsọdọ̀tun" kọ́ lorúkọ iṣẹ́ yìí

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín o. Ẹ ní ká máa pe iṣẹ́ àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ ìránṣọ àtijọ́ tó ti dípẹtà ní "isodotun", ẹ ò sì fi àmì kankan sí i. Ọ̀tun ń bẹ, ọ̀tún náà ń bẹ; ẹni tó bá ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ fi àmì ohùn sílẹ̀ fún òǹkàwé láti máa méfò. Mo gbà pé ọ̀tun lẹ ní lọ́kàn. "Di" inú rẹ̀ ni kò bá mi lára mu.

Tí a bá sọ igbó di ìlú, igbó ò sí mọ́. Ẹni tó bá sọ ẹ̀rọ ìránṣọ Singer 15 àtijọ́ di ọ̀tun, a jẹ́ pé ó ti bó ọ̀dà dúdú ara rẹ̀, ó ti ha òdòdó aláwọ̀ wúrà orí rẹ̀ dànù, ó wá fín ọ̀dà mìíràn sí i. Ohun tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí ń sá fún gan-an nìyẹn. Ọ́ìlì máṣíìnì tó mọ́ gaara ni wọ́n ń fi òwú rírọ̀ pa á lára díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì kọ́kọ́ dán an wò lẹ́yìn ẹ̀rọ níbi tójú ò tó. Sípíríìtì kò gbọdọ̀ kàn án, torí shellac, ìyẹn ọ̀dà dídán tó bo òdòdó yẹn, máa ń yọ́ nínú rẹ̀. Ohun ìfọǹkan tó ní ammonia náà máa ń ká wúrà kúrò.

Tí wíìlì ò bá yí, àwọn àgbà télọ̀ ní ọ̀rọ̀ fún un: ó gan. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ìpẹtà ló mú un, ọ́ìlì àtijọ́ tó ti di oje ni, pàápàá tí ẹnì kan bá ti fi òróró ìdáná sí i rí. Kẹrosíìnì ni kí wọ́n kán sí gbogbo ihò ọ́ìlì àti oríkèé, kó wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú, kí wọ́n wá rọra mi wíìlì síwá sẹ́yìn. Wọn ò gbọdọ̀ fipá yí i. Gbàrà tó bá ti tú, ọ́ìlì ló kàn, torí kẹrosíìnì ti fọ èyí tó wà níbẹ̀ lọ.

Irin kéékèèké tí ìpẹtà bò, wọ́n lè rẹ ẹ́ sínú fínígà fún wákàtí mélòó kan, àfi sípíríǹgì, torí gáàsì hydrogen tó ń wọnú irin líle máa ń jẹ́ kó tètè ṣẹ́. Tí wọ́n bá yọ ọ́, kí wọ́n fi omi tí wọ́n po sódà ìyan-búrẹ́dì mọ́ ṣan án, kí wọ́n fi ooru gbẹ ẹ́, kí wọ́n sì fi ọ́ìlì pa á lójú ẹsẹ̀. Tí wọ́n bá jáfara, yóò tún pọ́n. Èyí tó pọ̀ jù, iná mànàmáná ni wọ́n fi ń yọ ọ́: ṣíbí ìjẹun 1 sódà ìfọṣọ sí omi lítà 4, ṣájà bátìrì fólítì 12, wáyà négétífù mọ́ irin tí wọ́n ń tọ́jú, pósítífù mọ́ àlòkù irin. Tí wọ́n bá ṣì í dè, irin tó yẹ kó yè ni yóò jẹ. Àlòkù náà kò gbọdọ̀ jẹ́ stainless, torí májèlé chromium tó ń jáde lára rẹ̀. Ìta gbangba ni kí wọ́n ti ṣe é, nítorí gáàsì rẹ̀ máa ń gbiná.

Ìgbà tí wọ́n bá ń tò ó padà ni ọ̀rọ̀ tèmi hàn kedere. Inú wíìlì Singer 15 ní òrùka pẹlẹbẹ kan tó ní etí 3 níta àti 2 nínú. Tó bá wọlé lódì, kókó àárín wíìlì kò ní dì dáadáa tàbí kó má tú; kí wọ́n yí òrùka náà ní ìlàjì, ó tán. Kí la ṣe yẹn bí kò ṣe pé a mú un bọ̀ sípò? Ìmúbọ̀sípò ni mo fara mọ́.

*

Àbúrò, mo ka tìẹ. Ẹni tí Olúwa sọ di olówó, ṣé kì í ṣe ẹni àná yẹn náà ni? "Di" kì í fìgbà gbogbo pa ohun tó wà tẹ́lẹ̀. "Ipò" inú ìmúbọ̀sípò rẹ ńkọ́? Ibi tí ìpáàrá ti jẹ irin wọnú, ipò wo ló ń bọ̀ sí? Ihò náà ò ní dí láé. Ìpáàrá sì ni mo wí, òun la bá lẹ́nu àwọn bàbá wa; mi ò mọ ibi tẹ́ ẹ ti rí ìpẹtà. Ìwọ náà tún dákẹ́ lórí "agbówùúkọjá" tí mo dá fún ohun tó ń gbé òwú ìsàlẹ̀.

*

Ẹ̀gbọ́n, mi ò dákẹ́. Lára Singer 27 àti 28, nǹkan yẹn gùn, orí rẹ̀ ṣóńṣó, bọ́bìnì tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń lọ ó ń bọ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Àwọn ahunṣọ ti ń pe irú rẹ̀ ní ọkọ̀ kí máṣíìnì tó dáyé. Kí la ó fi ọ̀rọ̀ elérò márùn-ún ṣe? Ìpẹtà tó wà lójú irin lásán, aṣọ olọ́ìlì ń nù ún kúrò. Ìpáàrá ló ń jẹ irin wọnú. Ẹ jẹ́ ká ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ tún "isodotun" kọ ránṣẹ́ pẹ̀lú àmì ohùn, ká lè mọ èyí tí a ń jà lé.